Òfìfo Kì í Ṣe Òfo

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rí, torí èèyàn lè bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tó gún régé, kí ẹ̀rọ fún un ní èsì tó mọ́ lóló, kí ọ̀nà sì ṣì sọnù mọ́ àwọn méjèèjì lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kíkẹ́ Bámidélé nìyẹn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn kò le láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni àjọ wọn ní, ọkọ̀ náà ló ń gbé nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abà tó jìnnà sí ìlú. Abà mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà lè máa dé lóṣooṣù, abà tó wà láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó sì pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè fọwọ́ kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yan mẹ́wàá náà. Bí orúkọ abà yín bá wọlé, nọ́ọ̀sì á máa bá yín lẹ́nu ọ̀nà fún odindi ọdún kan. Bí kò bá wọlé, kí ìyá ọmọ gbọ́mọ pọ̀n, kó wá ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Kíkẹ́ ló ń yan orúkọ lọ́dún yìí, ìwé sì gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀ lọ sí olú-ọ́fíìsì wọn ní Adó kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù.

Inú kọ̀ǹpútà ni máàpù wọn wà. Ìpele-ìpele ni máàpù náà, bí ìgbà tí èèyàn bá to aṣọ lé ara wọn nínú àpótí: ọ̀nà ní ìpele tirẹ̀, odò ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn ní tirẹ̀. Ìpele tó wà lókè pátápátá ni ti ibùgbé. Níbẹ̀, abà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, lẹ́yìn àmì náà sì ni wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ sí: orúkọ, iye òrùlé, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, iye ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún.

Kíkẹ́ kì í ṣí ìpele wọ̀nyí fúnra rẹ̀ mọ́. Àjọ wọn ti mú ẹ̀rọ AI kan wọlé tí ó ń bá wọn ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé, torí pé ó máa ń kọ, kì í sì í dìde lọ jẹun ọ̀sán. Akọ̀wé kò fojú rí máàpù bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń rí i o. Irinṣẹ́ kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Á sọ orúkọ ìpele tó fẹ́, á sọ ohun tó ń wá níbẹ̀, irinṣẹ́ á wọnú àká lọ, á kó ohun tó bá bá a mu jáde, Akọ̀wé á wá sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè ní èdè tó yé ọmọ èèyàn. Ibi tí ó ti ń sọ ọ́ ní èdè ọmọ èèyàn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Kíkẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé: "Bá mi wá àwọn abà tó jìnnà ju kìlómítà márùn-ún lọ sí ilé ìwòsàn, tí ọmọdé ibẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún kò dín ní ogún."

Kó tó ṣẹ́jú, orúkọ ti dé. Abà méje.

Méje, nígbà tí ọkọ̀ lè dé mẹ́wàá! Kíkẹ́ tún un kà láti òkè délẹ̀. Orúkọ kan ló ń fojú wá, kò sì rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Abà Ògúnrìndé ńkọ́?"

Akọ̀wé dáhùn pé: "Abà Ògúnrìndé wà nínú ìpele ibùgbé. Kìlómítà mọ́kànlá ló fi jìnnà sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù. Òrùlé mẹ́rìndínlógún ló ní. Iye ọmọdé ibẹ̀ jẹ́ òfo, ìdí nìyẹn tí kò fi wọlé."

"Òfo kẹ̀!" Kíkẹ́ ti pariwo kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu.

Ó mọ abà yẹn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpele ibùgbé náà lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù rìn dé ibẹ̀. Iyán ni Bàbá Ògúnrìndé ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Màmá Àbẹ̀ní, ìyàwó bàbá, ló sun iṣu fún Kíkẹ́, tó fi ọ̀bẹ ha á títí ó fi funfun, tó bu epo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì yí i ká débi pé kò rí ojú fóònù rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan di etí yẹ̀rì rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀ títí ó fi gun ọ̀kadà. Ọmọ wo ló wá jẹ́ òfo níbẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé, ọ̀gá wọn, yọjú láti yàrá kejì. "Kíkẹ́, ta ló kú?"

"Sà, ó ní kò sí ọmọdé kankan ní Abà Ògúnrìndé."

"Bóyá wọ́n ti kó lọ sí Adó."

"Gbogbo wọn, sà? Kí wọ́n fi òrùlé mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ fún ewúrẹ́?"

"Ẹ̀rọ ò ní ìdí kan tí yóò fi purọ́ fún ọ," ni ọ̀gá wí, ó sì jókòó sétí tábìlì rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹni tí kò ní ìdí láti purọ́ náà lè gbọ́rọ̀ sódì, kó sì fi gbogbo ọkàn tún un sọ.

Kíkẹ́ ronú díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé: "Má fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Gbé ohun tí irinṣẹ́ mú wá síwájú mi bó ṣe rí gan-an."

Akọ̀wé gbé e wá. Orúkọ: Abà Ògúnrìndé. Òrùlé: 16. Omi: ìsun. Iwájú "ọmọdé" kò ní nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọ́n kọ òfo síbẹ̀ o. Funfun ló wà, bí ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Akọ̀wé tún fi kún un pé: "Ẹ dárí jì mí. Òfìfo ni irinṣẹ́ mú wá, èmi ni mo pè é ní òfo. Òfo ni kí wọ́n kà, kí wọ́n má rí. Òfìfo ni kí ẹnikẹ́ni má kọ ohunkóhun. Ìbéèrè tó sọ pé 'kò dín ní ogún' sì máa ń fo gbogbo ibi tó bá ṣófo, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fò ó. Abà mọ́kànlá mìíràn ló rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá fẹnu fọn fèrè. Kíkẹ́ kò gbọ́, torí ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà tó kẹ́yìn nínú ohun tí irinṣẹ́ mú wá. Ẹni tó gba àkọsílẹ̀: K. Bámidélé.

Òun náà ni. Ó rántí gbogbo rẹ̀ báyìí. Ó ti béèrè òrùlé, Bàbá Ògúnrìndé dáhùn. Ó ti béèrè omi, bàbá na ọwọ́ sí ọ̀nà ìsun. Nígbà tó wá kan ọmọ, bàbá gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, ó sì wò ó bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kí ọmọ tó ní ìyá máa béèrè. "È é ka ọmọ f'ọlọ́mọ," ni bàbá wí. Kíkẹ́ kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ yẹn. Títí di òní, bí wọ́n bá bi ìyá tirẹ̀ ní Ìlúpéjú pé ọmọ mélòó ló bí, "Ọlọ́run mọ̀ wọ́n" ni màmá máa ń wí. Nítorí náà ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá má bínú, ó sì fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i tóun bá délé. Ó délé, iṣẹ́ mìíràn gbé e lọ.

Emmanuel tí wọ́n jọ ń kọ ilé sílẹ̀ lọ́dún náà, ọmọ Cross River tí kò mọ èèwọ̀ yẹn, ì bá ti fojú wọn àwọn ọmọ náà, kó kọ ogójì síbẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé. Ilé tó dára tí Kíkẹ́ ti jáde wá ló bá a ṣe àṣìṣe yìí.

"Ṣé Akọ̀wé ò lè fi iye òrùlé bá wa ṣírò rẹ̀ ni?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé béèrè.

Akọ̀wé ní òun lè ṣe é. Bí òun bá wo àwọn abà tí òrùlé wọn tó bẹ́ẹ̀, ó lè tó ogún, ó sì lè tó márùndínlógójì. "Ṣùgbọ́n àbá ni o, kì í ṣe kíkà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ àbá sí i lára."

Ọ̀gá mi orí. "Àbá ò wọ fọ́ọ̀mù. Iye tí wọ́n kà àti àwòrán ni wọ́n fẹ́. Pín àwọn abà mọ́kànlá yẹn fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ, kí wọ́n dé èyí tí wọ́n bá lè dé. Ìwọ lọ sí Ògúnrìndé. Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá. N ò lè fi ìṣẹ́jú kan kún un."

Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kíkẹ́ ti wà lórí ọ̀kadà, ó ti kọjá Ìlúpéjú, ó ti ya sí ọ̀nà eléruku tó lọ sí abà. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ronú ohun tí yóò sọ. Ó fẹ́ gba iye ọmọ lẹ́nu àgbà tí kò ní sọ ọ́, kò sì fẹ́ fi ìwà àìmọ̀wàáhù gbà á.

Abẹ́ igi ọsàn ni Bàbá Ògúnrìndé wà, ó ń gé èbù iṣu. Kíkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

"Uṣẹ́ è é pa ni, ọmọ mi. Ùṣẹ́ ló ń pa ni." Bàbá gbójú sókè. "Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ulé wa sínú fóònù lọ́jọ́ sí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Á á. Fóònù yẹn ò wá kí wa láti ùgbà náà."

Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣàlàyé ọkọ̀, ó ṣàlàyé abẹ́rẹ́, ó ṣàlàyé pé iye ọmọ ló kù tí wọn kò rí kọ. Bàbá gbọ́ ọ tán. Kò bínú rárá, èyí tó tilẹ̀ wá le ju ìbínú lọ.

"Mo gbọ́ ohun tí o wí, ó sì dáa lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá mi nù un. È é ka ọmọ. Bí a bá kà á, á dín." Ó mú iṣu mìíràn, ó sì fi ọ̀bẹ sí i.

Kíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a to èbù tó ti gé jọ. Ibẹ̀ ló wà tí ó ti gbọ́ ohùn Màmá Àbẹ̀ní lẹ́yìn ilé. "Kíkẹ́, bọ̀ n'úbí kí o wá ràn mí lọ́wọ́."

Màmá Àbẹ̀ní ti da ẹ̀wà sínú omi. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́ dákẹ́, ó sì hàn gbangba pé gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ igi ọsàn ló ti gbọ́.

"Bàbá rẹ ò ní kà," ni ó wí. "Èmi gan-an ò ní kà. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n se ọ̀ọ̀lẹ̀ fún àwọn kéékèèké ubí lónìí, àwọn tí wọn ò tí ì lè jẹ ata. Bí mo bá fẹ́ kó kárí, ṣé n ò ní mọ uye ewé tí mo máa já ni?"

Kíkẹ́ wò ó. Màmá náà wò ó, kò rẹ́rìn-ín, ó ń fọ ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Inú Kíkẹ́ dùn débi pé ojú rẹ̀ rin. Nínú ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́rin, wọn kò kọ́ ọ ní èyí.

"Màmá, ọmọ tó bá ti ń lọ uléèwé ńkọ́?"

"Onítọ̀hún ti ń jẹ ata."

"Ọmọ ọwọ́ ńkọ́?"

"Ewé kékeré ni tirẹ̀. Ùyá rẹ̀ á bá a jẹ ẹ́."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sétí ìsun, wọ́n já ewé eéran apá kan tí wọ́n á fi pọ́n mọ́ínmọ́ín náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Àbẹ̀ní kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bó bá dé iwájú ilé kan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ewé lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, méjì níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, mẹ́ta níwájú ilé Táyọ̀ tó bí ìbejì lé ẹ̀gbọ́n wọn. Kíkẹ́ á kó wọn, á tò wọ́n lé apá. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn ìyá ọmọ, síbẹ̀ ó yé gbogbo wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn, ó ní, "Yèyé, ẹ gbàgbé ẹyọ kan! Ti ẹ̀yìn mi ń sùn ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màmá fún un ní ewé kékeré kan.

Ilé tó kẹ́yìn ni ti Ṣèyí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó jókòó lórí àpótí, ó ń yín àgbàdo. Kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọmọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sí aṣọ ọmọ lórí okùn. Màmá Àbẹ̀ní fi ewé kan lélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣèyí wo ewé náà. Ó mú un, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀ nù, ó sì nà án sí Kíkẹ́ kó bá a fi kún àwọn yòókù. 

Nígbà tí wọ́n padà, Kíkẹ́ tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ilé, ó to ewé náà lẹ́sẹẹsẹ, ó ya àwòrán wọn. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ju ogún lọ dáadáa! Inú rẹ̀ ì bá dùn tán, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jẹ́ kó dùn tán.

"Màmá, ewé ẹnu ọ̀nà Ṣèyí ńkọ́?"

Màmá Àbẹ̀ní ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú abọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ti Olúwafẹ́rànmí ọmọ rẹ̀ ni. Èèyi ló mú un lójò èṣí. A gbé e sórí ọ̀kadà, a fẹ́ gbé e lọ sí Ìdó. A ò dé Ìdó." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀wà. "Ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì. Ó fẹ́ràn ọ̀ọ̀lẹ̀. N ò lè já ewé kí n fo tirẹ̀."

Kíkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Kò pẹ́ tí ìṣirò náà fi dé orí rẹ̀. Òjò èṣí. Ẹlòmíràn ló yan abà lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ìpele kan náà ni wọ́n fi yàn án, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi irinṣẹ́. Abẹ́rẹ́ èèyi sì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Òfìfo lòun fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tóun kúnlẹ̀ fún bàbá. Ẹ̀rọ sọ òfìfo di òfo. Òfo sì ti di òfò lẹ́nu ọ̀nà Ṣèyí, wọn kò sì mọ̀ ní Ìkọ̀lé.

Ó lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Kò sí ẹni tó ń ka ìlà tó kẹ́yìn nínú ìdáhùn irinṣẹ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò mọ̀ bóyá èmi ì bá sọ ọ́. Kíkẹ́ dìde, ó lọ bá Ṣèyí níbi tó wà, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun fi ọdún méjìlá jù lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, kí ni mo ṣe?" ni Ṣèyí sáré wí.

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Èmi ni mo wá kọ ulé yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá ní ká má ka ọmọ, mo fi ubẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀rọ wá kà á sí pé kò sí ọmọdé n'úbí. Ùdí ẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ abẹ́rẹ́ ò fi wá lọ́dún èṣí."

Àgbàdo tó wà lọ́wọ́ Ṣèyí bọ́ sínú igbá. 

"Ká ní ọkọ̀ wá, ṣé ọmọ mi ò ní kú?"

"N ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó má kú. N ò lè purọ́ fún ọ."

Ṣèyí yíjú kúrò lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bàbá Ògúnrìndé dúró sí igun ilé, ọ̀bẹ èbù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó má kà," ni bàbá wí. "Ó ń béèrè, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ṣèyí, bó o bá fẹ́ bínú, má fi gbogbo rẹ̀ bínú sí i. Èmi ló ni apá tó pọ̀ jù." Bàbá àgbà náà fi ọwọ́ ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku. Kò sẹ́ni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún. Kò sí ohun tí wọn ì bá fi rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀ọ̀lẹ̀ jinná, Màmá Àbẹ̀ní pariwo, àwọn ọmọ sì ya dé láti gbogbo ìhà. Ibẹ̀ kún, ariwo gba gbogbo àgbàlá, ìbejì Táyọ̀ jà sí èyí tó tóbi. Olúkúlùkù gba tirẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ọwọ́ gba èyí tí wọ́n á bá ọmọ wọn jẹ. Ẹyọ kan ló wá kù nínú ìkòkò.

Ṣèyí ti jáde. Ó mú ẹyọ náà, ó tú ewé rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì dá a sí mẹ́ta. Ó gbé ìdá kan fún bàbá níbi tó jókòó sí. Ó gbé ìdá kan fún Kíkẹ́.

"Ẹ jẹ ẹ́," ni ó wí. "Oúnjẹ ọmọdé è é sùn." Ó jẹ tirẹ̀ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Kí ọkọ̀ yẹn ṣáà wá o, ẹ̀gbọ́n. Kó má tún dá wa dá a."

Bàbá Ògúnrìndé, tí kò jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ aláìláta láti ìgbà tó ti lè rìn, jẹ ẹ́ títí dé èyí tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Kíkẹ́ náà jẹ tirẹ̀. Kò sí iyọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, torí ọmọdé ni wọ́n sè é fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́wàá tó lù, Kíkẹ́ ti jókòó síwájú Akọ̀wé. Ó kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí iwájú Abà Ògúnrìndé, ó sì fi àwòrán náà sí i lára. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti dé abà mẹ́rin nínú mọ́kànlá tó kù, méjì nínú wọn ló ju ogún lọ. Ó tún bi ìbéèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́wàá ló dé, Abà Ògúnrìndé sì wà ní ìkẹta láti òkè.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á. "O ṣe iṣẹ́, Kíkẹ́. Fi ránṣẹ́."

"Ó ku ẹyọ kan, sà." Ó tẹ̀ ẹ́ fún Akọ̀wé pé: "Láti òní lọ, ibi tó bá ṣófo, má ṣe pè é ní òfo. Máa sọ pé a kò mọ̀. Kí o sì kọ àwọn abà méje tí a kò tí ì dé sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí wọ́n rí i ní Adó pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, àwa ni a kò kà á."

Akọ̀wé ní ó ti yé òun, ó sì kọ wọ́n. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìwé lọ, ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan. "Mo yẹ ẹ̀rí wò. Nínú àwòrán Abà Ògúnrìndé, ewé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo rí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ kọ sílẹ̀. Ṣé àṣìṣe ni? Èwo ni kí n tún ṣe?"

Kíkẹ́ wo àwòrán náà. Ewé tí Ṣèyí fi ìró nù wà ní ìparí ìlà, ó mọ́ ju àwọn yòókù lọ.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ni ó tẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọmọ tó wà láàyè. Má yọ ewé tó kù kúrò nínú àwòrán."

Ó dúró títí Akọ̀wé fi dáhùn pé òun kò ní yọ ọ́, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́.